Ṣé Ìjókòó Lásán Ni? Ọ̀rọ̀ Owó Ófátáìmù Àwọn Sìkiọ́rítì Àgbárá

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Báàdágírì wọ Àgbárá ní aago mẹ́fà ìdájí ti rí wọn rí: sìkiọ́rítì tó ti wà lórí ìdúró láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àná, tó ti ká yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, àmọ́ tí kò lè kúrò ní géètì torí pé relífà rẹ̀ kò tíì dé. Aago méje lù, mẹ́jọ lù. Supafáísọ̀ pè é lórí fóònù pé kó ṣáà fara dà á di ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́rìnlélógún. Bí oṣù bá parí, iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ náà ni wọn yóò san fún un. Láti Ọ̀pìkì dé Lùsadà, láti Àtan dé Sángo, kò sẹ́ni tí mo ní láti ṣàlàyé èyí fún. Bí kì í bá ṣe ọkọ yín, àbúrò yín ni, tàbí ayálégbé yín tí kì í rí owó ilé san.

Òfin Iṣẹ́ ti 1974, tí ìjọba ológun ṣe, la ṣì ń lò. Abala 13 rẹ̀ ní wákàtí tó bá lé lórí èyí tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá fohùn ṣọ̀kan lé, ófátáìmù ni. Iye wákàtí tó ti pọ̀ jù, kò sọ. Iye tí wọn yóò san lórí ófátáìmù náà, kò sọ. Ó sọ ọmọ lórúkọ, kò fún un lóúnjẹ.

Ìgbàkígbà tí a bá sì gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú àwọn ọ̀gá, èsì kan náà ni: “Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ó tiẹ̀ ń sùn.”

Tírélà tó bá kó ẹrù wọlé, tí wọn kò tètè já ẹrù rẹ̀, owó dìmọ́rééjì ni olówó rẹ̀ máa ń bèèrè. Tírélà yìí kò ṣe ju ìjókòó lọ. Ọ̀gá á bínú, á pariwo, á sì san án, torí ó mọ̀ pé ẹni tó bá dá nǹkan oníǹkan dúró ti lò ó. Ẹ ń sanwó ìdádúró fún táyà, ẹ kò san án fún èèyàn!

Mo dúró ní géètì kan rí, bàbá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń kọ ìwé lórí tábìlì onípákó. Nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ awakọ̀, aago tó wọlé, aago tó jáde, títí kan ìṣẹ́jú. Ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé ojú ewé wo ni ti òun wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, èmi kì í ṣe ẹrù.”

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ó ń sùn, kí ló dé tí ẹ fi ń gé owó rẹ̀ bí ẹ bá ká oorun mọ́ ọn lójú? Bí wáyà bá sọ nù lóru, ta lẹ kọ́kọ́ ń fà lọ sí tẹ́ṣàn? Ẹ kì í gé owó ẹni tí kò níṣẹ́. Òfin 1986 tó wà fún àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni ka ìbọn léèwọ̀ fún wọn. Ojú tí kò gbọ́dọ̀ pa dé ni irinṣẹ́ ọkùnrin yìí. Òun gan-an lẹ rà, òun lẹ kọ̀ láti sanwó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ìjọba Ògùn fọwọ́ sí ₦77,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ká ní sìkiọ́rítì wa ń gba iye yẹn (ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbà á). Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru lónìí, tó sinmi lọ́la, wákàtí 84 ló ń ṣe lọ́sẹ̀, ìyẹn 364 lóṣù. Wákàtí kan kò tó ₦212. Ẹni tó ń ṣe 40 lọ́sẹ̀ lórí owó kan náà ń gba bíi ₦444.

Àwọn kan á ní ó ti fọwọ́ síwèé. Ebi ló fọwọ́ síwèé.

Ohun tí a ń fẹ́ nìyí. Kí aṣòfin kọ iye sínú abala 13: wákàtí 48 lọ́sẹ̀, kí èyí tó bá lé jẹ́ owó wákàtí kan àtààbọ̀. Kì í ṣe àsọdùn: 48 yìí ni àjọ ILO fi ṣe òpin nínú àdéhùn àkọ́kọ́ tó ṣe ní 1919, òfin Gánà ti 2003 sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 40. Abẹ́òkúta kò lè bá wa ṣe é, torí ìwé òfin 1999 fi ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ẹ yé kọ lẹ́tà sí gómìnà. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ dìbò fún lọ sí Àbújà ni kí ẹ gbé e lọ.

Èkejì ló ń bí mi nínú jù. Bí a bá bi ilé iṣẹ́, á ní ti kọ́ńtírátọ̀ ni. Bí a bá bi kọ́ńtírátọ̀, á ní iye tí ilé iṣẹ́ san lòun ń pín. Kí àwọn méjèèjì jọ jẹ gbèsè náà. Géètì kan tí kì í dá wà láìsí ẹ̀ṣọ́, wákàtí 168 ni lọ́sẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń ṣe 48, èèyàn mẹ́ta àtààbọ̀ ló ń fẹ́, ìyẹn mẹ́rin. Ilé iṣẹ́ tó bá sanwó èèyàn méjì mọ̀ dájú pé oorun ẹlòmíràn lòun ń jí. Ẹni tó sì gbé adìyẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé.

Kí àwọn sífù dífẹ́ǹsì máa bèèrè ìwé owó oṣù kí wọ́n tó tún ìwé àṣẹ kọ́ńtírátọ̀ ṣe. Kí ọjọ́ ìsinmi kan nínú méje, tó ti wà nínú òfin, di òótọ́. Bákan náà ni ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà lọ́dún. Owó ọkọ̀ fún ẹni tí wọ́n bá dá dúró. Kí wọ́n má gé owó yunifọ́ọ̀mù. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àga tó ní ẹ̀yìn.

Ìwọ sìkiọ́rítì tí o ń ka èyí, má dúró de Àbújà. Ra ìwé kékeré kan, torí ẹ̀rí ni ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ máa bèèrè. Kọ ọjọ́, kọ aago tí o dé, kọ aago tí relífà rẹ dé. Bí kò bá dé, kọ ọ́ pé kò dé. Fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.