Ẹ Kú Oríire Àádọ́ta Ọdún, Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Dán Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Òfuurufú Wò

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ọdún 2023 ló pé àádọ́ta ọdún gẹ́lẹ́ tí Skylab, ilé àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà kọ́ sí òfuurufú, gbéra láti Florida. Kí àwọn yòókù máa kí àwọn tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú rẹ̀ ni èmi wá bá yọ̀, pẹ̀lú àwọn tó dán an wò.

Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ohun tójú àwọn tó ṣáájú rí. Àpò ọ̀rá ni àwọn ará Apollo ń lẹ̀ mọ́ ìdí. Àwa ń sọ pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Lọ́hùn-ún, ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì, torí òun fúnra rẹ̀ ni yóò da oògùn apakòkòrò sínú àpò, tí yóò sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìta títí yóò fi pò pọ̀. Ní 1969, nínú Apollo 10, ìgbẹ́ kan bọ́, ó ń léfòó kiri nínú ọkọ̀. Àwọn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbà pé tòun ni.

Níbi tí nǹkan ò ti wúwo, ohun tó jáde kì í já bọ́. Àfi kí atẹ́gùn fà á. Ọgbọ́n Skylab nìyẹn: ìjókòó tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri, bẹ́líìtì tí èèyàn ó fi de ara rẹ̀, àti fáànù tó ń fa gbogbo rẹ̀ wọ inú àpò.

Báwo wá lèèyàn ṣe ń dán irú èyí wò láyé ńbí? Inú bàálù KC-135 ni. Á gun òkè fíofío, á tún dorí kodò, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 25 péré sì ni ara ẹni inú rẹ̀ á fi fúyẹ́ bí òwú. Láàárín ìyẹn ni olùyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ ṣe é tán! Èmi tí n kì í lè ṣe nǹkan kan tí ẹnìkan bá ti kanlẹ̀kùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú un dání látilé, tẹ́ ẹ dì í mú títí bàálù fi yí, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín.

Ẹ kú iṣẹ́ náà, ẹ̀yin arìnrìn-àjò òfuurufú Crippen, Bobko àti Thornton, tẹ́ ẹ ti ara yín mọ́lé ní Houston fún ọjọ́ 56 ní 1972 láti dán ìgbé ayé inú Skylab wò. Ìtọ̀ Thornton ló fi hàn pé ọ̀rá ìtọ̀ ti kéré jù. Wọ́n sì sọ ọ́ di ńlá kó tó pẹ́ jù.

Ọkùnrin mẹ́sàn-án ló lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn, fún ọjọ́ 171. Àbúrò rẹ̀ tó gòkè ní 2020 gba mílíọ̀nù 23 dọ́là, wọ́n sì ro ti àwọn obìnrin mọ́ ọn. Bí èèyàn bá ti ṣí ìdérí rẹ̀ báyìí, atẹ́gùn á ti máa fà fúnra rẹ̀. Ẹ kú oríire!