Ọtí Tó Pẹ́ Nínú Àgbá Kì Í Ṣe Oògùn

  Nọ́ọ̀sì yín ni.

Ọ̀rọ̀ ọtí ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti paraga tí a fi ń bá àwọn ọ̀dọ́ wí. Ti ẹ̀yin àgbà ni: wísíkì olówó ńlá tí àwọn ọmọ ń gbé bọ̀ láti Ìlú Ọba, tí wọ́n kọ ọdún 25 tàbí 30 sí lára, tí a tọ́jú sínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí a sì ń sọ pé, "Èyí ti gbó. Kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan. Oògùn ni."

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú: ọjọ́ orí ọtí ń yí adùn rẹ̀ padà, kò yí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ara padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ìgò. Oríṣi wísíkì kan wà ní Skọ́tílándì tí wọ́n ń kọ "grain whisky" sí lára. Àlìkámà tàbí àgbàdo ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, pẹ̀lú ọkà bálì. Kò ṣàjèjì sí wa pé àgbàdo ń di ọtí; ẹni tó mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tiwọn ni wọ́n tún ń gbé kaná, bí a ṣe ń se ẹmu di ògógóró, àmọ́ inú ẹ̀rọ gíga kan tó dà bí òpó ni. Aeneas Coffey, tó ti ṣiṣẹ́ gbowó-orí ọtí ní Ireland, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ náà ní 1830. Ọtí tó ń jáde nínú rẹ̀ fúyẹ́, adùn rẹ̀ ò sì pọ̀. Inú àgbá ló ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú adùn tí à ń yìn.

Òfin ní kó lo ọdún 3, ó kéré tán, nínú àgbá tí wọ́n fi igi oak kàn, ní Skọ́tílándì gan-an. Agbára rẹ̀ nínú ìgò ò sì gbọdọ̀ dín sí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àgbá náà bá ti gba wísíkì Amẹ́ríkà rí, ọtí á máa rùn bíi fàníílà àti àgbọn. Lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àgbá ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Ẹ rí i pé kò yani lẹ́nu tí ọlọ́dún 30 bá wọ́n.

Ṣùgbọ́n ọtí kì í gbó mọ́ bó bá ti wọ inú ìgò. Ọlọ́dún 12 tí ẹ gbé sí kọ́bọ́ọ̀dù láti ọdún 10, ọlọ́dún 12 náà ló ṣì jẹ́.

Wísíkì ọkà tó pẹ́ máa ń dùn, ó sì máa ń rọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Ìrọ̀rùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ògógóró máa ń ta ọ̀fun, ẹni tó ń mu ún á tètè mọ̀ pé ọtí líle lòun ń mu. Èyí kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dọ̀ ò sì mọ ọtí ọdún 30 yàtọ̀ sí ti àná. Ohun tó ń pani nínú ògógóró náà ló wà nínú rẹ̀.

Láti 1988 ni àwọn olùwádìí jẹjẹrẹ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọtí mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ó ń fa ti ẹnu, ti ọ̀fun, ti ẹ̀dọ̀ àti ti ìfun. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ó ń fa jẹjẹrẹ ọmú pẹ̀lú, kódà díẹ̀ lójoojúmọ́ ń fi kún ewu náà. Ní 2023, àjọ náà sọ ọ́ ketekete pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí kò léwu fún ìlera.

Omi ara obìnrin kéré sí ti ọkùnrin, ti àgbàlagbà sì ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Ife kan náà á le jù lára ìyá ẹni ọdún 70 ju lára ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ. Ọ̀pọ̀ yín sì ń lo oògùn. Ọtí ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó lè já ṣúgà ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ wálẹ̀ lójijì. Bó bá pàdé oògùn oorun, ó lè dá èémí dúró.

Ẹnìkan á ní, "Bàbá mi mu ún títí ó fi pé ẹni 90 ọdún." Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kù la fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tó ti lọ ní 55 ò sí níbẹ̀ láti sọ tiwọn.

Ẹ wo àwọn tó ni ọtí náà. Ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba Skọ́tílándì fi òfin dí iye tí ọtí kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí, nítorí àwọn èèyàn tí ọtí ń pa. Wọ́n tún fi owó lé e ní oṣù kẹsàn-án 2024.

Àwọn ọ̀gá tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dán wísíkì wò pàápàá, imú ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀ nínú ife tí ẹnu rẹ̀ fún. Bí wọ́n bá tọ́ ọ wò, wọ́n sábà máa ń tu ú jáde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn ọtí àgbá, ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí kò bá mu ọtí rí, má ṣe bẹ̀rẹ̀ nítorí ẹ̀bùn ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ mu, ẹ fi ṣíbí oògùn ọmọdé, onímìlílítà 5, wọn ún: ṣíbí márùn-ún, ó parí. Ẹ jẹun kí ẹ tó mu ún, ẹ bu omi sí i. Lọ́dọ̀ àwọn dókítà Ìlú Ọba, irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ 14 láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni òpin, fún ọkùnrin àti obìnrin, ẹ ò sì gbọdọ̀ kó o mu lọ́jọ́ kan. Ìdajì ìgò péré nìyẹn. Fún àgbàlagbà tó ń lo oògùn, èrò tèmi ni pé kó má mu ún rárá. Aláboyún ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ẹ má sì fi rẹ egbòogi.

Ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́, ẹ má ṣe já a lójijì, ó léwu. Ẹ kọ́kọ́ wá rí wa ní ilé ìwòsàn.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ pé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wúlò fún yín ju ìgò kejì lọ.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì kà á sétí àwọn tí ojú wọn ò rí ìwé kà mọ́. A ó pẹ́ fún ara wa o.