Ẹ Dá Àyè Súwe Sí

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi ní Toronto, bí ilé ìwé ọmọ yín bá kọ̀wé pé àwọn fẹ́ hú ọ̀dà kúrò nílẹ̀ ọgbà ìṣeré kí àwọn gbin igi síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ìpàdé yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ju ẹwà lọ. Ilẹ̀ ọlọ́dà kì í mu omi, ẹ sì rántí òjò ọjọ́ 16 oṣù Keje 2024, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 98, tí omi fi bo Don Valley Parkway. Nígbà ooru ńkọ́? Ọ̀dà á gbóná débi pé ọmọ ò ní lè jókòó sí i.

Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù ni èyí: mo rí ọgbà tuntun kan tó kún fún ewéko, àmọ́ iyanrìn ni wọ́n dà yí jangirọ́fà ká. Ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ò lè débẹ̀. Ó kàn ń wo àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bí ẹni ń wo tẹlifíṣàn.

Òfin Ontario ti ọdún 2005 lórí ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara ní ìlànà tó kan èyí. Kí wọ́n tó ṣe ibi ìṣeré tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀rọ̀ lọ aráàlú àti àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró dáadáa, kó sì rọ ẹni tó bá ṣubú lára. Ìgbà tí wọ́n bá wá fọ̀rọ̀ lọ̀ wá lọ̀pọ̀ wa máa ń ní iṣẹ́ ò jẹ́ ká ráyè!

Ẹgbẹ́ Evergreen ti ń bá àwọn ilé ìwé ṣe irú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Brick Works wọn ní àfonífojì odò Don, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bíríkì láyé àtijọ́. Aṣọ á dọ̀tí o. Ọṣẹ ò wọ́n.

Tèmi ni pé kí wọ́n má hú gbogbo ọ̀dà náà. Kí wọ́n dá apá kan sí fún súwe. Kí wọ́n gbé tábìlì ayò sábẹ́ ibòòji, kó ga tó tí ọmọ orí kẹ̀kẹ́ á fi lè ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀. Ọmọ tí ò lè sáré lè di ọ̀ta nídìí ayò, kí ẹni tó yára jù ní kíláàsì sì jẹ́ ọ̀pẹ níwájú ẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín pé kí ni ayò, ẹ ti gbé ọpọ́n dání lọ sí ìpàdé.