Òkè Tí Ọmọ Rí

Ẹ̀yin òbí ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdúgbò Maryland ní Enugu: "orí òkè" ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà. Síbẹ̀, bí a bá ní kí ọmọ kọ ìtàn, yìnyín Lọ́ńdọ̀nù tí kò rí rí ni yóò kọ!

Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Chinua Achebe ló dábàá orúkọ Ìgbò náà. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ ṣí ti Òṣogbo ní 1962, ará ìlú sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Enugu pàápàá ní tirẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ ní Sátidé, ti Yorùbá, ti Ìgbò. Kí wọ́n wo òkè náà dáadáa, kí oníkálùkù kọ ohun tí ó rí ní èdè ìyá rẹ̀. Ẹ má tètè mú gègé pupa.