Kì Í Ṣe Gbogbo Àlọ́ Ni Àpamọ̀

Irú fíìmù kan wà tó jẹ́ pé bí ó bá ti parí, tí orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú amóhùnmáwòrán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò gba ẹnu gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá: "Kí wá ni ìtumọ̀ gbogbo ohun tí a wò yìí?" Ẹnì kan yóò fajú ro. Ẹlòmíràn yóò ní wọ́n ti fi odidi wákàtí méjì òun ṣòfò. Ẹni kẹta yóò ti mú fóònù rẹ̀, yóò máa wá ẹni tó ṣàlàyé ìparí rẹ̀ sórí YouTube. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbè lẹ́yìn lónìí, nítorí mo gbàgbọ́ pé ó ní ohun tó ń kọ́ wa tí fíìmù tó yéni yékéyéké kò lè kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2001 ni David Lynch, olùdarí eré ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó di olóògbé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, gbé Mulholland Drive jáde. Títì kan tó gba orí òkè kọjá ní ìlú Los Angeles ló ni orúkọ náà. Eré alátìgbàdégbà fún tẹlifíṣọ̀n ni Lynch kọ́kọ́ pète láti fi ṣe. Ó ya apá àkọ́kọ́ ní ọdún 1999, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó gbé iṣẹ́ náà fún un kọ̀ ọ́. Owó láti ilẹ̀ Faransé ló jẹ́ kí ó padà sídìí iṣẹ́ náà, tó ya ìyókù mọ́ ọn, tó sì sọ ọ́ di odidi fíìmù. Ní àjọ̀dún fíìmù Cannes ti ọdún 2001, òun àti Joel Coen ni wọ́n jọ pín ẹ̀bùn olùdarí tó dára jù lọ. Nígbà tí BBC sì bi àwọn lámèyítọ́ fíìmù 177 láti orílẹ̀-èdè 36 léèrè ní ọdún 2016 pé fíìmù wo ló dára jù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, Mulholland Drive ló gbégbá orókè.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ bí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọkọ̀ kọlu ọkọ̀ lóru. Obìnrin kan jáde láàyè nínú ìjàǹbá náà, ṣùgbọ́n kò rántí orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Inú ilé kan ló lọ fara pamọ́ sí, ibẹ̀ sì ni Betty, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Hollywood láti wá di òṣèré, ti bá a. Obìnrin náà yá orúkọ Rita láti ara àwòrán ìpolówó fíìmù àtijọ́ kan tó rí lára ògiri. Àwọn méjèèjì wá ń wá ẹni tí Rita jẹ́ gan-an kiri. Wọ́n bá owó gọbọi nínú àpò rẹ̀, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ aláwọ̀ búlúù kan tí kò jọ ti ilẹ̀kùn kankan. Nígbà tó yá, wọ́n rí àpótí kékeré kan, òun náà aláwọ̀ búlúù. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣí i, òkùnkùn inú rẹ̀ sì gbé wa mì. Nígbà tí ojú wa yóò fi là, gbogbo nǹkan ti yí padà. Naomi Watts, òṣèré tó ṣe Betty, ti di Diane, ẹni tí ìjákulẹ̀ àti owú ti jẹ tán. Rita ti di Camilla, gbajúmọ̀ òṣèré tí Diane fẹ́ràn, tó sì ti já Diane jù sílẹ̀.

Àlàyé tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé àlá Diane ni apá àkọ́kọ́, ojú ayé ni apá kejì. Àlàyé náà mọ́gbọ́n wá, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni tó gbà á jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí ìran tí wọ́n ti lọ sí ilé eré Silencio lóru. Ọkùnrin kan wà lórí ìtàgé tó ń sọ fún àwọn òǹwòran pé kò sí ẹgbẹ́ olórin níbẹ̀, pé ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni Rebekah Del Rio jáde, tó kọ orin ìfẹ́ kan ní èdè Sípéènì láìsí ìlù, láìsí fèrè. Betty àti Rita bú sẹ́kún. Ká tó wí, akọrin náà ti ṣubú lulẹ̀. Orin kò dúró. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa, síbẹ̀ ara wa bù máṣọ. Ẹni tó bá ní "àlá ni" ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ìdí tí omi fi bọ́ lójú wa nítorí ohun tí wọ́n ti là á mọ́lẹ̀ fún wa pé kò sí níbẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá, ọ̀kan lára ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ kọ́ ni pé àlọ́ pín sí ọ̀nà méjì. Àlọ́ àpamọ̀ ní ìdáhùn. Apàlọ́ béèrè, àwọn olùgbọ́ já a. Bí ìdáhùn bá ti jáde, àlọ́ ọ̀hún ti tán, a bọ́ sórí òmíràn. Àlọ́ àpagbè kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn tó ní orin nínú ni, tí àwọn ọmọ máa ń gbè. Ẹ̀kọ́ lè wà ní ìparí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ẹ̀kọ́ nìkan ni a ṣe jókòó sídìí rẹ̀. Ègbè orin àlọ́ púpọ̀ kò ní ìtumọ̀ kankan tí ènìyàn lè tọ́ka sí. Ìró dídùn lásán ni. Síbẹ̀, n kò tíì rí ọmọ tó dá ìyá àgbà dúró pé kó kọ́kọ́ túmọ̀ ègbè kí òun tó gbè é. Ọmọ náà gbè é, ara rẹ̀ sì mọ iṣẹ́ tí ègbè ń ṣe. Ohun tó ń bí ọ̀pọ̀ òǹwòran nínú sí fíìmù Lynch kò ju èyí lọ: wọ́n ń fi ojú àpamọ̀ wo ohun tó jẹ́ àpagbè.

Lynch kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1929, àwọn ọmọ Sípéènì méjì, Luis Buñuel àti Salvador Dalí, ṣe fíìmù kúkurú kan ní ilẹ̀ Faransé tí wọ́n pè ní Un Chien Andalou. Orúkọ náà túmọ̀ sí ajá ilẹ̀ Andalusia. Kò sí ajá nínú fíìmù ọ̀hún. Àlá méjì ni orísun rẹ̀. Buñuel lálàá pé ìkùukùu tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń la òṣùpá kọjá bí abẹ ṣe ń la ẹyin ojú. Dalí lálàá ọwọ́ tí èèrà kún bò. Òfin tí wọ́n ṣe fún ara wọn ni pé àwòrán èyíkéyìí tí làákàyè bá lè ṣàlàyé, àwọn kò ní lò ó.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni èyí, ẹ wo ilẹ̀ Thailand. Ní ọdún 2010, Apichatpong Weerasethakul gba ẹ̀bùn Palme d'Or, èyí tó ga jù lọ ní Cannes, fún Uncle Boonmee Who Can Recall His Past Lives. Àìsàn kíndìnrín ń ṣe Boonmee, ikú sì ti ń sún mọ́ ọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ rọra fara hàn lórí àga. Kò pẹ́ sí i, ọmọ rẹ̀ tó ti sọnù dé, ó ti di ẹ̀dá bí ọ̀bọ tí ojú rẹ̀ pọ́n bí iná. Dípò kí ilé dàrú, ọ̀rọ̀ ẹbí ni wọ́n jọ ń sọ. Ṣé ó yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa tí a ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938? Ta ló béèrè títì tí wọ́n ń gbà dé inú igbó náà? Ní ọdún 1952, Amos Tutuola jẹ́ kí ọ̀mùtí kan tẹ̀lé adẹ́mu rẹ̀ tó ti kú dé ìlú àwọn òkú, a sì bá a rìn ín.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa ń gbà wo irú fíìmù báyìí. Èkíní, mo máa ń pa fóònù mi. Èkejì, mo máa ń fi "Kí ni èyí ṣe sí mi?" ṣáájú "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Ẹ̀kẹta, mo máa ń ṣọ́ ohun tó bá ń padà wá léraléra: àwọ̀ kan, orúkọ kan, fóònù tó ń dún tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ ka àlàyé àwọn ẹlòmíràn. Lynch fúnra rẹ̀ kì í ṣàlàyé fíìmù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi àmì mẹ́wàá sínú àpò DVD Mulholland Drive fún ẹni tó bá fẹ́ dọdẹ.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ pé kì í ṣe gbogbo omi tó rú ló jìn. Àwọn olùdarí eré kan wà tí wọ́n ń da àwòrán pọ̀ nítorí pé wọn kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ìdánwò tèmi ni pé kí n wo ìran kan ṣoṣo. Nínú Mulholland Drive, ọkùnrin kan jókòó nínú ilé oúnjẹ ní ọ̀sán gangan, ó ń rọ́ àlá fún ẹnì kejì rẹ̀: pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ilé oúnjẹ yìí gan-an tí ojú rẹ̀ bani lẹ́rù. Wọ́n dìde láti lọ wò ó. A ti mọ ohun tí a ó rí kí wọ́n tó dé ẹ̀yìnkùlé, síbẹ̀ àyà wa já nígbà tí a rí i. Ẹni tó lè ṣe èyí mọ ohun tó ń ṣe.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ju ọ̀rọ̀ fàájì lọ nìyí. Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú ẹbí wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyàwó ilé kan lálàá pé ẹnì kan gbé oúnjẹ fún òun. Kò rí ojú ẹni náà. Aṣọ tó ró ló rí, aṣọ náà sì jọ ti ìyá yìí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti gbé àlá náà lọ bá ẹni tó ń túmọ̀ àlá, ìtumọ̀ sì ti já sí ìyá yìí lórí. Láti ìgbà náà, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ jẹun nílé rẹ̀. Wọ́n ń sọmọ lórúkọ nínú ẹbí, ẹnu aládùúgbò ni ìyá ti ń gbọ́. Oúnjẹ, ọwọ́ àti aṣọ ni ohun tí wọ́n rí lójú àlá. Ìtumọ̀ ló sọ wọ́n di ẹjọ́.

N kò sọ pé àlá kò ní ìtumọ̀. Ta ni èmi? Ohun tí mo ń sọ ni pé ìkánjú ìtumọ̀ máa ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi lé lórí. Diane náà ṣe é. Bí a bá gba àlàyé tó wọ́pọ̀ yẹn, nínú àlá rẹ̀, kì í ṣe pé ẹlòmíràn mọ eré ṣe jù ú lọ. Àwọn alágbára kan tó ń gbìmọ̀ ní kọ̀rọ̀ ló ń pàṣẹ ẹni tí yóò gba ipò. Ó rọrùn fún un bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lè wo àwòrán tó ṣókùnkùn, kí ẹ̀rù bà á, kí ó sì jẹ́ kí àwòrán náà wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìfi orúkọ ẹnikẹ́ni dí i, onítọ̀hún ti ní sùúrù tó lè gba ẹlòmíràn là. Nínú fíìmù, a lè kọ́ sùúrù náà láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Nítorí náà, bí àyè bá gbà yín lópin ọ̀sẹ̀ yìí, tí àwọn ọmọdé sì ti sùn, nítorí fíìmù àgbà ni, ẹ wo Mulholland Drive. Ẹ má ṣe wá àlàyé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kàn máa kíyè sí ìran tó bá ń padà wá bá yín nígbà tí ẹ bá ń fọ abọ́ tàbí tí ẹ bá wà nínú ọkọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.