Èkìtì ń wá olókòwò, àmọ́ ta ni yóò dúró ti àdéhùn?

Ẹni tó bá dé Ìlasà-Èkìtì lónìí, tó ní òun fẹ́ dá oko ńlá sílẹ̀, ilẹ̀ kọ́ ni yóò jẹ́ ìṣòro rẹ̀. Ilẹ̀ oko wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Èkìtì, iṣu àti ẹ̀gẹ́ sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ohun tí ọlọ́wọ́ náà yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé, bí gómìnà tí mo bá ṣe àdéhùn bá lọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó mi?

Kò sí ẹni tó lè bá a wí. Láti 1999, ẹsẹ̀ kì í pẹ́ lórí àga gómìnà ní Adó-Èkìtì. Níyì Adébáyọ̀ lo ọdún mẹ́rin. Ayọ̀délé Fáyóṣé gbà á ní 2003, wọ́n yọ ọ́ ní oṣù Kẹwàá 2006, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sì kéde ìjọba pàjáwìrì, ó rán ọ̀gágun-fẹ̀yìntì Túnjí Olúrìn wá. Ṣẹ́gun Òní dé ní 2007, ilé ẹjọ́ yọ ọ́ ní 2010, Káyọ̀dé Fáyẹmí gbà á. Fáyóṣé padà ní 2014, Fáyẹmí tún padà ní 2018. A ò tíì ka àwọn adelé o! Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, òun ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, òun náà ló lè gbà á padà bó bá ní ará ìlú nílò ilẹ̀ náà.

Ẹ wo oko màlúù oníwàrà tó wà ní Ìkun-Èkìtì. Ìgbà Olóyè Adékúnlé Ajásin, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ìjọba tó tẹ̀ lé e sì fi í sílẹ̀ fún igbó. Ìgbà tí Fáyẹmí padà dé ni iléeṣẹ́ Promasidor, àwọn tó ń ṣe mílíìkì Cowbell, tó wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn gómìnà nìkan ló fà á. Ní oṣù Kejì 2020, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé iléeṣẹ́ mẹ́fà péré, tí Promasidor wà lára wọn, ló lè rí owó ilẹ̀ òkèèrè fi ra mílíìkì wọlé. Ìjọba àpapọ̀ sì ń fẹ́ kí irú wọn máa fún wàrà nílé.

Owó nìkan kò tó. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì, Onímòjò àti Elẹ́sùn, lójú ọ̀nà ní agbègbè Ìkọ̀lé. Lọ́jọ́ yìí kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ wọn gbé ní Ẹmùré, kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ ní oṣù Kejì. Agbègbè Ìkọ̀lé yìí kan náà ni Agbeyewa Farms ti gbin ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò lè dé oko láì wẹ̀yìn, ṣé òun ni yóò kó ẹ̀gẹ́ lọ sí iléeṣẹ́?

Abíọ́dún Oyèbánjí, tó gba ìjọba ní oṣù Kẹwàá 2022, kò pa iṣẹ́ Fáyẹmí tì, ó yẹ ká yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ APC kan náà ni wọ́n, òun ló sì ṣe akọ̀wé ìjọba fún Fáyẹmí. Ó rọrùn kéèyàn tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ tó ti ní ọwọ́ tiẹ̀ nínú. Àdánwò gidi fún àwọn àdéhùn wọ̀nyí ni ọjọ́ tí ẹgbẹ́ mìíràn bá jókòó sórí àga náà, àdánwò ọ̀hún kò sì tíì dé.