Ebè Kìn-ín-ní, Ti Ìkòkò Ọbẹ̀ Ni

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin ìyá ilé tí ẹ ń gbé Wàdátà ní ìlú Niamey, tí oko yín wà ní etí Odò Ọya:

Iṣẹ́ tèmi ni láti máa rọ̀ yín pé kí ẹ gbin ohun tí ẹ ó tà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ dáradára kí ó lè mówó wọlé. N kò kábàámọ̀ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n lónìí, mo fẹ́ sọ ohun kan tí ó lè yà yín lẹ́nu láti ẹnu òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ tí ń ta irè oko: ebè kìn-ín-ní tí àgbẹ̀ bá kọ, kò yẹ kí ó jẹ́ ti ọjà. Ti ìkòkò ọbẹ̀ ilé rẹ̀ ni kí ó jẹ́.

Ẹ wo ọkùnrin tí ó fi gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ gbin àlùbọ́sà. Ó tà á, ó gba owó, ó sì tún fún ìyàwó rẹ̀ lára owó náà kí ó lọ ra ẹ̀fọ́ tí kò mọ irú omi tí a fi rin ín. Ní Gounti Yéna, àfonífojì tí ó la ìlú Niamey kọjá, àwọn olùwádìí ti rí i pé àwọn olùgbìn ẹ̀fọ́ ń lo omi ìdọ̀tí ìlú. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ yìí gùn, omi mímọ́ sì ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn inú irú omi bẹ́ẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ewé, àwọn ọmọ kékeré ni ó sì ń jìyà rẹ̀ jù lọ.

Ẹ má sì ṣe gbàgbé ọdún 2023. Ní ìparí oṣù Keje ọdún náà, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, àjọ ECOWAS ti ẹnubodè. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Owó oúnjẹ ga sókè. Ẹni tí ó ní ebè tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìnkùlé kò dúró de aṣọ́bodè kí ó tó rí ọbẹ̀ sè.

Àwọn kan yóò wí pé ilẹ̀ kò sí ní Wàdátà. Mo gbà pé ilé sún mọ́ ilé. Ṣùgbọ́n bàsíà tí ó ti lu, tàbí àpò ìrẹsì tí a kó iyẹ̀pẹ̀ sí, tó láti bẹ̀rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ a máa tó já ní bí ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tí a bá fún irúgbìn rẹ̀. Ẹ máa gé e lórí, ẹ má ṣe fà á tu, yóò sì tún rúwé. Ẹ gbin mòríńgà pẹ̀lú, èyí tí àwọn Háúsá ń pè ní zogala, tí àwọn Zarma sì ń pè ní kopto.

Ní ti ajílẹ̀, àwọn bàbá wa mọ̀ pé orí ààtàn ni tẹ̀tẹ̀ ti ń sanra. Ẹ kó èèpo iṣu, ewé gbígbẹ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ jọ, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa yí i padà fún bí oṣù 3, títí yóò fi di ilẹ̀dú tí kò rùn mọ́. Ẹ má ṣe da ìgbẹ́ tútù sí ìdí ẹ̀fọ́ tí ẹ ó jẹ. Bí kòkòrò bá dé, ẹ gún kóró dóńgóyárò gbígbẹ, ìwọ̀n 50 gíráàmù fún lítà omi 1. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì wọ́n ọn sí ewé ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá já a, ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe bọ̀ ọ́ títí yóò fi di ẹrẹ̀, nítorí iná púpọ̀ a máa ba oore rẹ̀ jẹ́. Kí ata, àlùbọ́sà àti irú jinná nínú epo tán kí ẹ̀fọ́ tó wọlé, kí ó sì lo ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Epo náà kì í ṣe fún adùn nìkan: òun ni ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà inú ewé tútù tí ń dáàbò bo ojú ọmọdé kúrò lọ́wọ́ àìríran lálẹ́.

N kò ní kí ẹ pa àlùbọ́sà tì. Ohun tí mo ń wí ni pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní èdè Háúsá, orúkọ àdúgbò yín túmọ̀ sí ọrọ̀ àti ànító. Ẹ jẹ́ kí ànító náà ti ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀, kí ó tó dé ọjà.